Àkùkọ Tí Mo Pààrọ̀

Ẹ sún mọ́ mi, ohùn mi ò lọ jìnnà mọ́. Dókítà ní eruku ìyẹ́ adìyẹ tí mo ti ń fà símú láti ìgbà èwe ti dí ẹ̀dọ̀fóró mi pa, bí ìgbà tí èèyàn ki òwú sínú fèrè. Ó ní kí n máa ṣètò ilé mi. Ilé wo ni n óò ṣètò? Yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì tí ẹnì kan ṣoṣo ń jókòó lé, àti ilé adìyẹ tó ṣófo lẹ́yìn fèrèsé. Ohun tó yẹ kí n ṣètò kò sí nínú yàrá yìí, inú mi ló wà. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi ti ju ogún ọdún lọ dáadáa. Arọ ni òtítọ́ tèmi, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu ọ̀nà báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣílẹ̀kùn fún un kí èémí mi tó tán.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adìyẹ ni wọ́n ń pè mí nígbà tí ara ṣì le. Adìyẹ dúdú ni mò ń sìn, mi ò sin òmíràn. Dúdú kìjikìji láti ọrùn dé ìrù. Bí oòrùn bá ràn sí i lẹ́yìn, á máa tàn yanran bí ẹ̀yìn ọ̀bọ̀n-ùn-bọn-ùn. Àwọn èèyàn ń ti ìlú mìíràn wá rà á. Wọ́n á ní, "Tó bá ti jẹ́ tọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò ní bí pupa, kò ní bí funfun." Èmi náà á mi orí, bí ẹni pé èmi ni mo dá àwọ̀. Asán gbáà! Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ń dùn létí ara rẹ̀, kó ṣọ́ra. Kò ní pẹ́ tí á fi máa bọ orúkọ náà bí òrìṣà, òrìṣà tí a bá sì ń bọ, dandan ni kó bèèrè ohun tí yóò jẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí ẹ̀rọ tí ń bá mi sàba lé ẹyin, mo rí òròmọdìyẹ kan láàárín àwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín o: òròmọdìyẹ dúdú tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já ẹyin máa ń ní funfun díẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn àti lábẹ́ ọ̀fun. Ìyẹn ò kọ ẹni tó mọṣẹ́ lóminú, á dú tó bá yá. Ṣùgbọ́n èyí funfun láti orí dé ìdí, kò sí àmì dúdú kankan lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn adìyẹ náà sọ́tọ̀, akọ kan, abo kan, mo ń wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bí, títí ó fi yé mi. Ìpín méjì ni àwọ̀ tó ń bá òròmọdìyẹ wáyé: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Dúdú lágbára, funfun irú èyí ní ìtìjú. Bí wọ́n bá pàdé nínú ara kan, dúdú ni aráyé á rí, funfun á lọ lúgọ sẹ́yìn rẹ̀, á sì lè lúgọ bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran. Àfi tí bàbá àti ìyá tí àwọn méjèèjì gbé funfun pamọ́ bá jọ fi í fún ọmọ kan náà. Ìgbà náà ni onítìjú rí ẹnìkejì rẹ̀, tó sì jáde síta gbangba. Nínú ọmọ mẹ́rin irú wọn, ẹ lè retí ẹyọ kan. Bàbá funfun yẹn ni àkùkọ mi tó rẹwà jù, èyí tí gbogbo ayé ń du ọmọ rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni kí n dá a dúró, kí n sì sọ fún àwọn oníbàárà mi. Kí ni mo ṣe? Mo fún òròmọdìyẹ funfun náà lọ́rùn, mo sin ín sábẹ́ òkìtì eérú. Nígbà tí òmíràn jáde, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó di iṣẹ́ àárọ̀ mi, bí ẹni ń gbálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, náà ń sin adìyẹ ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kó àwọn abo tó fi bẹ̀rẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti gba nǹkan gbọ́, katakata ò lè tì í kúrò níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ gan-an: òun ló ń kó ẹyin, òun ló ń kó o sínú ẹ̀rọ, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ilé adìyẹ máa ń wà. Ọlọ́wọ́ọ̀rọ̀ ni a ń pè é, torí adìyẹ tó bá ń jà fitafita lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí òun bá ti gbé e, á rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, kò pe orúkọ mi rí. Adúmáadán ló sọ mí, bí ó bá sì rí mi lókèèrè, á ní, "Ọkọ mi Adúmáadán, ẹ̀yin àti àwọn adìyẹ yín, mi ò mọ ẹni tó dú jù!" Ọmọbìnrin wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé á rẹ́rìn-ín títí á fi máa yí mọ́lẹ̀. Èmi ò níyàwó, mi ò bímọ. Nínú gbogbo ilé tó wà láyé yìí, ilé yẹn nìkan ni wọ́n ti ń bu oúnjẹ sílẹ̀ dè mí láìbéèrè bóyá mò ń bọ̀. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń gbọ́ ìyókù, kí ẹ lè mọ irú òmùgọ̀ tí mo jẹ́.

Ní ọdún kan, àkùkọ ẹ̀gbọ́n mi kú, ó ní kí n fún òun ní òmíràn. Àwọn tí mo ti yẹ̀ wò tí mo mọ̀ pé dúdú wọn mọ́ kò ju méjì lọ, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo mú ọmọ àkùkọ arẹwà yẹn fún un. Mo mọ̀ pé ó gbé funfun. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú abo tó wà nílé ẹ̀gbọ́n mi náà gbé e, torí ìran kan náà ni wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú un lọ. Dúdú ni títí dé inú eegun." Ó gbé àkùkọ náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Kò pẹ́, obìnrin kan tó ní oko ńlá ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá òun pèsè òròmọdìyẹ dúdú púpọ̀, ó sì fúnra rẹ̀ wá lọ́jọ́ tí wọ́n máa já ẹyin. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣí ẹ̀rọ níwájú rẹ̀. Dúdú, dúdú, funfun. Dúdú, funfun. Ìyá olóko fi ọwọ́ mú ọ̀kan, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ṣé ẹyin adìyẹ funfun ti aládùúgbò yín ni ẹ kó sábẹ́ fún mi? Ta wá ni ẹ kó tèmi fún?" Kò pariwo. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ojúlé kejì ni wọ́n ti ń sin adìyẹ funfun lóòótọ́, ẹyin wọn ò sì yàtọ̀ sí tiwa lójú. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn nígbà yẹn, ìyàwó náà sì ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí i. Kíá ni ọkọ rẹ̀ ti so gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó ní ìyàwó òun ń ta ẹyin dáadáa lẹ́yìn òun, ó ń fi ẹyin adìyẹ aládùúgbò dípò.

Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Mo bá ìyàwó náà níbi tó jókòó sí lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ là. Ó ní, "Ọpẹ́ o, Adúmáadán ti dé. Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa adìyẹ. Ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n yín. Ṣé dúdú àti dúdú ò lè bí funfun ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí. Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, "Ó lè ṣeé ṣe." Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní, "Èmi ò rí irú rẹ̀ rí lágboolé adìyẹ tèmi." Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Ti ọjọ́ yẹn já bọ́, ó fọ́, mo sì dúró tí ń wò ó bó ṣe ń ṣàn.

Kò sunkún. Obìnrin yẹn gbọ́n jù wá lọ. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ yọ mí kúrò nídìí ẹyin. Ẹ ti àkùkọ náà àti àwọn abo mọ́lé, mi ò ní dé bẹ̀. Kí ọkọ mi kékeré máa kó ẹyin, kó máa kó wọn sínú ẹ̀rọ. Ohun tó bá jáde, ká fi ṣèdájọ́ mi." Ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó fi lé mi lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì gbóná láti ara rẹ̀. Nínú gbogbo èèyàn, èmi ló fọkàn tán.

Mo mọ̀ dájú pé funfun máa jáde. Mo sì mọ ohun tí n óò ṣe tí kò fi ní jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi lọ ra oúnjẹ adìyẹ, tí ìyàwó rẹ̀ lọ mú ọmọ wá láti ilé ìwé, mo gbé ọ̀kan nínú àkùkọ méjì tèmi wá sínú àpò ìdọ̀họ. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n, ìrù kan náà, dídán kan náà. Mo fi í sílẹ̀, mo gbé tọ̀hún lọ. Àkùkọ tí kò gbé funfun kankan ni, kò sì sí bí abo ṣe lè dá nìkan bí funfun láìsí ìpín ti bàbá. Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọgbọ́n mi burú dé. Abo adìyẹ máa ń pa omi akọ mọ́ sínú fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta. Ẹyin tó bá kọ́kọ́ yé lẹ́yìn pàṣípààrọ̀, ti akọ àtijọ́ ṣì ni. Mo bá sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ẹ jẹ́ ká da ẹyin oṣù àkọ́kọ́ nù. Ara adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tì mọ́lé kì í tètè balẹ̀, ká má baà fi ìyà jẹ ìyàwó wa lórí ohun tí kò mọ̀." Ẹ ò rí i bí? Wọ́n rò pé àánú ni. Ìyàwó náà dúpẹ́. Ó ní, "Ọlọ́run á ṣàánú yín bí ẹ ṣe ṣàánú mi." Mo ní, "Àmín." Ní ti àkùkọ tí mo gbé lọ, mo pa á, mo sè é, àmọ́ mi ò lè gbé e mì. Mo dà á nù.

Ọjọ́ pé. Mo ṣí ẹ̀rọ lójú gbogbo wa. Dúdú ni gbogbo wọn, tó fi dé èyí tó jáde kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó bí ilé tó wó. Ìyàwó rẹ̀ wo inú ẹ̀rọ náà pẹ́, ó wá dìde, ó bu àgbàdo lọ́wọ́, ó gba ilé adìyẹ lọ, a tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́, ó ń pe àkùkọ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń pè é. Àkùkọ náà sá fún un, ó lọ fara mọ́ ògiri. Ó tún pè é. Ó tún sá. Ìgbà náà ló yíjú padà, ojú mi ló sì ń wò, kò wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, èyí kọ́ ni àkùkọ wa."

Ìhín yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó burú jù wà. Pípààrọ̀ akọ, ìwà olè ni. Òròmọdìyẹ tí mo pa, ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi bí ẹni tó ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ìdí láti gba ìyàwó òun gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó ń fẹ́ kí n sọ ọ́. Mo fi ọwọ́ lé èjìká obìnrin náà, mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, mo ní, "Ìyàwó wa, ó tó. Má fi irọ́ bo irọ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á foríjì ọ́ bí o bá jẹ́wọ́." Èmi! Èmi ni mo ní kó jẹ́wọ́. Ó rọra gbọn ọwọ́ mi kúrò léjìká rẹ̀, bí ẹni gbọn èérún. Kò pè mí ní Adúmáadán mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ ṣé."

Ẹ̀gbọ́n mi ò lù ú, kò bú u. Ó kàn ní kó máa lọ, ó sì ní ọmọ ò ní tẹ̀ lé olè. Ọmọ náà di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà, èmi ni wọ́n ní kí n já a kúrò. Mo já a. Ìka kọ̀ọ̀kan ni mo ń ṣí. Ariwo ọmọ yẹn, bí mo ṣe dàgbà tó báyìí, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Ìlú gbọ́ pé ó jí ẹyin, orúkọ mi sì tún ga sí i. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀gbọ́n mi tutù. Kò fẹ́yàwó mìíràn, ó ta àwọn adìyẹ, ó ń dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá lọ kí i, a kàn máa ń jókòó ni, kò sì sí àwo tí wọ́n bo dè mí. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Àbúrò, ǹjẹ́ mo ṣe dáadáa sí obìnrin yẹn?" Ilẹ̀kùn tí mo lè gbà jáde nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i fún mi. Mo ní, "Ẹ ṣe dáadáa, Ẹ̀gbọ́n." Ó dijú. Kò pẹ́ ni ó kú. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ kan tí mo lọ ṣàyẹ̀wò àyà mi ní ilé ìwòsàn kan ní òdìkejì ìlú, mo rí Ọlọ́wọ́ọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, irun rẹ̀ ti funfun, ó ń ká aṣọ. Mo lọ dúró sẹ́yìn òpó títí ó fi wọlé. Àgbàlagbà, tó ń sá pamọ́ sẹ́yìn òpó!

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló wá ń tọ́jú mi nígbà tí ara ò le mọ́. Ó ti di ìyá ọlọ́mọ, olùkọ́ ni. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń gbé oúnjẹ wá, á bá mi gbálẹ̀, á bá mi fọ aṣọ. Mo fún un ní àwọn adìyẹ mi tó kù nígbà tí mi ò lè sìn wọ́n mọ́. Ní Sunday kan, ó wọlé pẹ̀lú páálí kékeré lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá kékeré, ẹ wá wo àrà! Àkùkọ dúdú, abo dúdú, wọ́n bí eléyìí fún mi." Òròmọdìyẹ funfun ló wà nínú páálí. Ó ní, "Wọ́n ní adìyẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà, eléyìí ò tilẹ̀ mọ ara rẹ̀ lọ́mọ. Àbí èmi náà ti ń jí ẹyin ara mi ni, bíi ti ìyá mi?"

Ó fi ṣàwàdà ni. Bó ṣe dàgbà sínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó ti sọ ọ́ di ohun tí èèyàn lè fi ṣàwàdà kó má baà pa á. Ikọ́ gbé mi. Nígbà tó dá, mo là á yé e bí àwọ̀ ṣe ń lúgọ, bí mo ṣe là á yé ẹ̀yin náà. Ojú rẹ̀ ń yí padà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó gbé páálí náà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá kékeré, ìgbà wo lẹ ti mọ èyí?" Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá, òun náà gẹ́lẹ́ ni. Mo sọ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀, àkùkọ, àpò ìdọ̀họ, ọwọ́ tí mo fi lé èjìká ìyá rẹ̀, ìka rẹ̀ tí mo ń ṣí. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ṣé ìyá mi wà láàyè?" Mo sọ ibi tí mo ti rí i. Ó kó àwo tó gbé wá kalẹ̀ sórí àga kejì, ó bò ó, ó sì jáde.

Sunday kan kọjá, òmíràn kọjá, mi ò rí i. Mo kọ́ bí yàrá ṣe ń dún tí ẹnikẹ́ni ò bá ní wá. Ó wá padà dé lọ́jọ́ kan, kò wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Mo rí i. Mo sọ fún un. Ó wá bèèrè pé ṣé bàbá mi mọ̀ kó tó kú. Mo ní kò mọ̀. Ìgbà yẹn ló tó sunkún." Ó yíjú sí ọ̀nà, ó ní, "Kò sọ pé òun foríjì yín. Èmi náà ò tíì sọ ọ́." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sin nǹkan ẹlẹ́mìí, ohun tó bá jáde nínú agbo yín tí ẹ ò retí, ẹ má sin ín sábẹ́ eérú. Ẹ gbé e jáde kí oníbàárà rí i, kó bú yín, kó lọ. Ẹlòmíràn á wá. Ọmọ adìyẹ kékeré ni mo kọ́kọ́ fún lọ́rùn, mi ò mọ̀ pé ilé èèyàn ni mo ń kọ́ ọwọ́ mi láti fún. Ní ti ìdáríjì, ẹ̀gbọ́n mi tí ǹ bá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ, mi ò sì lójú láti lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí, ohun kan ni mò ń bẹ̀ yín fún. Púpọ̀ nínú yín gbọ́ ìtàn olè yẹn nígbà náà, ẹ sọ ọ́ fún ọmọ, ọmọ ti sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ lọ bá gbogbo ẹni tí ẹ sọ ọ́ fún, lọ́jà, ní ìdí iṣẹ́, níbikíbi tí èèyàn bá pọ̀ sí. Ẹ sọ ọ́ sókè, kó dé ibi tí ohùn mi ò lè dé mọ́, pé obìnrin yẹn ò jí ẹyin kankan rí.